Orúkọ Yí Padà, Erin Dúró: Ìtàn Àmì Ilé Ìfowópamọ́ Kan àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀ fún Ìdílé

Bí ènìyàn bá ń rìn ní òpópónà Arákàlẹ̀ ní ìlú Àkúrẹ́, tí ó sì gbé ojú rẹ̀ sókè kúrò lára èrò àti ọkọ̀, yóò rí pátákó lórí pátákó, débi pé kò sí ẹni tí ó lè ka gbogbo wọn tán. Òmíràn ya ẹranko, òmíràn ya èso, òmíràn sì jẹ́ kìkì lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ọ̀dà pupa tàbí ọ̀dà búlúù kọ. Síbẹ̀, bí a bá kíyè sí àwọn tí ń kọjá, a ó rí i pé díẹ̀ nínú wọn ni ó ń dúró kàwé. Ìyá tí ń ta ẹ̀wà mọ ilé tí òun ń fowó pamọ́ sí. Awakọ̀ mọ ibi tí òun ti ń ra epo. Ọmọdé tí kò tí ì wọ ilé-ìwé mọ irú agolo mílíìkì tí ìyá rẹ̀ rán an. Àmì ni gbogbo wọn ń wò. Àmì yìí náà sì ni kókó ọ̀rọ̀ wa: bí ilé-iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ ṣe ń yàn án, ohun tí ó ń mú kí a yí i padà, àti ohun tí ó yẹ kí baálé àti ìyáálé bèèrè nígbà tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bá dé.

ÀMÌ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ NÍ ILẸ̀ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ohun tí àmì ń ṣe. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ilà ojú ni ó ń sọ ìlú ẹni àti ìdílé ẹni kí a tó bèèrè orúkọ. Ilà Oǹdó kì í ṣe ilà Ọ̀yọ́, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n wò kì í ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Àrokò tí a fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ dì ń ránṣẹ́ láàrin àwọn tí kò mọ ìwé kan lẹ́tà kan. Nígbà tí kòkó sì di ọrọ̀ ilẹ̀ Oǹdó àti Àkúrẹ́, àpò kòkó kò lè lọ sí èbúté láìjẹ́ pé aṣàyẹ̀wò ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì ti fi àmì sí i pé irú báyìí ni kòkó tí ń bẹ nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ àmì náà dájú, nítorí pé iye owó tí yóò wọ àpò rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Láti inú àpẹẹrẹ wọ̀nyí a rí ohun mẹ́ta tí àmì ń ṣe. Èkíní, ó ń sọ ẹni tí ó ni nǹkan. Èkejì, ó ń sọ irú ẹni tí olúwarẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kẹta, tí ó sì tóbi jù, ó ń ṣe ìlérí fún ẹni tí ó rí i pé ohun tí ó bá pàdé lónìí ni yóò bá pàdé lọ́la. Bí ìlérí ẹ̀kẹta yìí bá yẹ̀, àmì di ọ̀dà lásán lórí pátákó. Kí á lè rí ọ̀ràn náà kedere, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ìfowópamọ́ kan tí ó dàgbà jù ní orílẹ̀-èdè wa, èyí tí à ń pè ní First Bank lónìí, tí erin jẹ́ àmì rẹ̀.

BÍ ILÉ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1894 ni a fi òfin gbé ilé náà kalẹ̀ ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ ni Alfred Jones, ọ̀gá àgbà àwọn ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster tí ń kó ẹrù láàrin Liverpool àti etíkun wa. Èkó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti gba ipò African Banking Corporation tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Bank of British West Africa. Owó tí a kọ́kọ́ san sílẹ̀ fún òwò náà jẹ́ 12,000 pọ́n-ùn.

Ó ṣòro fún ọmọ òde òní láti mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Owó ẹyọ ṣì ń ná ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, a sì ń rù ú ní àpò ni, nítorí pé ẹrù owó ẹyọ wúwo ju ẹrù ọjà tí a fẹ́ rà lọ nígbà mìíràn. Iṣẹ́ ńlá kan tí ilé náà gbà ni kíkó ṣílè fàdákà wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di ọdún 1912, nígbà tí a dá ìgbìmọ̀ owó fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ rẹ̀ ni owó fàdákà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn èyí náà ó di aṣojú ìgbìmọ̀ yẹn. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ìgbà náà, ilé yìí ni ó gba ọ̀nà rẹ̀ mú owó ọba dé.

Nípa ti erin, kì í ṣe ẹranko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí etíkun yìí láti fi ṣe àmì. Ní ọdún tí a dá ilé náà sílẹ̀, erin tí ó dúró lẹ́bàá igi ọ̀pẹ ti wà lórí àsíá àti èdìdì àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìhín: Sàró, Gáḿbíà, Gold Coast àti Èkó. Lẹ́tà tí a kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì, Èkó sì lo tirẹ̀ títí di ọdún 1906 tí a fi so ó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí àsíá tó dé ni àwa ti mọ erin. Àwọn ọdẹ wa ni ó ń pè é ní àjànàkú, tí wọ́n sì ń kì í pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Nínú òwe wa, ẹni tí ó bá rí erin kì í sọ pé òun rí nǹkan fìrí. Ó ní láti jẹ́wọ́ pé erin ni òun rí. Òwe yìí fi ìdí tí oníṣòwò fi ń fẹ́ ẹranko bẹ́ẹ̀ hàn wá: erin tóbi, kò ṣeé fojú fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì múlẹ̀.

ORÚKỌ MÁRÙN-ÚN NÍ ỌDÚN 85

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí orúkọ ilé yìí ṣe ń yí padà, kí a sì kíyè sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ní ọdún 1957, a yọ ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ka sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò, ilé náà sì di Bank of West Africa. Ọdún yẹn gan-an ni Gold Coast gba òmìnira tí ó sì di Gánà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Nàìjíríà gba tirẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá ní làákàyè kò ní dúró títí tí a ó fi sọ àsíá ọba kalẹ̀ kí ó tó yọ orúkọ ọba kúrò lára pátákó rẹ̀.

Ní ọdún 1966, lẹ́yìn tí ó ti darapọ̀ mọ́ Standard Bank, a pè é ní Standard Bank of West Africa. Ní ọdún 1969, nítorí òfin ọdún 1968 tí ó pa á láṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ àjèjì tí ń ṣòwò ní Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ yìí, ó di Standard Bank of Nigeria. Ní ọdún 1971 ni a gbé ìpín rẹ̀ jáde ní ọjà ìpín ní Èkó, tí ọmọ Nàìjíríà sì lè rà nínú rẹ̀ kí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ín.

Ọdún 1979 ni ó di First Bank of Nigeria. Òfin ọdún 1977 ti fi ìpín tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìfowópamọ́ àjèjì sí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn 60 nínú 100. Yàtọ̀ sí èyí, inú ìlú ń ru nítorí ìyà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ń fi jẹ àwọn ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ Standard sì jẹ́ orúkọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1862 fún òwò ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà gan-an. Orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè dùn létí ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà lọ́jọ́ wọnnì.

Lẹ́yìn èyí, ìrù orúkọ nìkan ni ó ń yí padà, láti Limited sí Plc ní ọdún 1991, àti padà sí Limited ní ọdún 2012 nígbà tí a fi ilé náà sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó ni òun àti àwọn mìíràn. Orúkọ márùn-ún ni èyí, láàrin ọdún 1894 sí 1979. Bí a bá gbé wọn yẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé ìtàn orílẹ̀-èdè wa ni a ń kà lára pátákó ilé ìfowópamọ́: ìjọba òyìnbó, òmìnira, òfin tí ó sọ àjèjì di onílé, àti ìgbà tí ọmọ onílé gba kọ́kọ́rọ́.

ÀWỌN ALÁDÙÚGBÒ RẸ̀

Ohun tí ó ṣe ilé kan ṣe àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 1917 ni Colonial Bank dé Èkó. Ní ọdún 1925 ó bọ́ sí ọwọ́ Barclays, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyẹ idì tí ó na ìyẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1978, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a kó owó ìjọba kúrò níbẹ̀ nítorí àjọṣe Barclays pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún kejì ilé náà di Union Bank, ẹyẹ idì sì fò lọ. Ẹṣin ni ó gba ipò rẹ̀. Níhìn-ín àti orúkọ àti àmì ni ó yí padà, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ń tọ́ka sí baba tí ọmọ kò fẹ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta nínú wọn ni ó yẹ kí ọkàn wa fà sí jù lọ, nítorí ọmọ Yorùbá ni ó dá a sílẹ̀, èdè Yorùbá ni ó sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 1945 ni Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè gbé Agbonmagbe Bank kalẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń wí: odò tí a ń gbọ́n tí kì í gbẹ. Kò sí àwòrán tí ó lè sọ̀rọ̀ ju orúkọ yìí lọ létí ìyá ọlọ́jà. Ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí ilé náà ti bọ́ sí abẹ́ àjọ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn tí ń bójú tó ọjà ohun ọ̀gbìn, orúkọ yí padà sí Wema, èyí tí a fà yọ láti inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àjọ náà. Ilé yìí ṣì wà, ó sì ń ṣe dáadáa. Ní ọdún 2017 ni ó gbé ALAT jáde, ilé ìfowópamọ́ orí tẹlifóònù tí kò ní yàrá tàbí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì sọ pé nǹkan kan sọnù nígbà tí a fi orúkọ tí ń sọ̀rọ̀ pààrọ̀ orúkọ tí a gbọ́dọ̀ túmọ̀.

ỌDÚN 2014: ERIN WỌ AṢỌ TUNTUN

Nígbà tí First Bank pé 120 ọdún ní ọdún 2014, ó tún gbé àmì tuntun jáde. Ní àkókò yìí kò sí ìjọba tí ó ń fi ipá mú un, kò sí òfin tuntun, kò sí òwò àjèjì tí ó fẹ́ sá fún. Ohun tí ó wù ú ni ó ṣe. Nítorí náà ni ìyípadà yìí fi fi èrò ọkàn oníṣòwò hàn wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n tún erin náà yà, wọ́n sì tún lẹ́tà orúkọ náà kọ, ṣùgbọ́n wọn kò lé erin lọ. Ọ̀rọ̀ ìpolówó rẹ̀, tí ó ti ń fi yangàn tẹ́lẹ̀ pé òun ni àkọ́kọ́ ní tòótọ́, di "You First", èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìwọ oníbàárà ni àkọ́kọ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ilé tí ó ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣògo rí i pé ọmọ ogún ọdún kò fẹ́ gbọ́ ti ọjọ́ orí. Ohun tí ó fẹ́ gbọ́ ni ohun tí a ó ṣe fún òun.

Kí ni ìdí tí a fi ń tún àwòrán yà nígbà tí ẹranko kan náà ni? Ìdí kan ni pé ibi tí a ń lẹ àmì mọ́ ti yí padà. Láyé àtijọ́, lórí pátákó ńlá, lórí ìwé sọ̀wédowó àti lórí ìwé ìfowópamọ́ ni àmì ń gbé. Ayàwòrán lè fi gbogbo ìwọ̀nba irun, ewé àti koríko sí i. Lónìí, ojú tẹlifóònù ni ó ń gbé jù, ní àyè tí kò ju èékánná lọ. Àwòrán tí ó kún fún nǹkan wẹ́wẹ́ yóò di àbàwọ́n níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àmì gbogbo ayé fi ń fúyẹ́ sí i. Ẹ wo ti Shell, tí ń ta epo: ní ọdún 1901 ìkarahun lásán ni, ní ọdún 1904 a fi ìkarahun mìíràn tí ó ní ìlà bí abẹ̀bẹ̀ rọ́pò rẹ̀, a sì yà á pẹ̀lú òjìji àti ìlà wẹ́wẹ́, láti ọdún 1971 ó di ìkarahun pupa àti òféèfèé tí ọmọdé lè fi ọwọ́ yà. Ìkarahun ṣì ni, ẹnikẹ́ni kò sì ṣì í mọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìnáwó asán ni èyí, pé owó tí a fi kun pátákó káàkiri orílẹ̀-èdè ì bá ṣeé fi dín owó orí ẹ̀yáwó kù. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Gbogbo pátákó, gbogbo ìwé, gbogbo káàdì ni a ó pààrọ̀, owó oníbàárà sì ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Àgbàlagbà tí ó ní ipò kì í wọ aṣọ tí ó ti ya jáde lọ sí àwùjọ, kí àwọn ènìyàn má bà á rò pé ilé rẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í pààrọ̀ aṣọ lójoojúmọ́ títí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi ní dá a mọ̀ lójú ọ̀nà. Ọgbọ́n wà láàrin àwọn méjèèjì. Ilé tí ó tún erin yà tí kò lé erin lọ ti rìn ní àárín yẹn. Ó mọ̀ pé erin náà kì í ṣe ti òun nìkan mọ́. Ti ìyá ọlọ́jà tí kò lè ka orúkọ òun ni pẹ̀lú.

OHUN TÍ ÀMÌ KÒ LÈ ṢE

Bí a ti yin àmì tó yìí, òtítọ́ kejì wà tí a gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ará ilé wa. Àmì kì í ṣe ẹ̀rí. Láàrin ọdún 1947 sí 1952, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìfowópamọ́ tí ọmọ ilẹ̀ yìí dá sílẹ̀ ní orúkọ tí ó dùn àti pátákó tí ó dán, ṣùgbọ́n wọ́n wó lulẹ̀. Nigerian Farmers and Commercial Bank, tí orúkọ rẹ̀ ń pe àgbẹ̀ àti oníṣòwò, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, ó sì ti parẹ́ ní ọdún 1952. Nítorí irú èyí ni ìjọba fi ṣe òfin fún àwọn ilé ìfowópamọ́ ní ọdún 1952. Ní òpin ọdún 2005 pẹ̀lú, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ní 25 bílíọ̀nù náírà ní ìpìlẹ̀, ilé ìfowópamọ́ 89 di 25. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará, iye pátákó tí a sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún kan ṣoṣo!

Ọpẹ́ ni pé òfin kò fi oníbàárà sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo pátápátá. Bí ilé-iṣẹ́ bá yí orúkọ padà ní Nàìjíríà, gbèsè tí ó jẹ kò parẹ́, ẹ̀tọ́ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè kò sì dínkù. Owó tí ìyá àgbà fi pamọ́ lábẹ́ orúkọ àtijọ́ ṣì jẹ́ owó rẹ̀ lábẹ́ orúkọ tuntun. Bí ilé ìfowópamọ́ bá sì kú pátápátá, àjọ tí a ń pè ní NDIC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni ó ń san owó padà fún àwọn olówó dé ìwọ̀n kan. Láti ọdún 2024, ìwọ̀n yìí jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilé ìfowópamọ́ ńlá kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 1965 tún fún ẹni tí ó ni àmì òwò láàyè láti fi í sínú ìwé ìjọba, kí ó sì pe ẹni tí ó bá jí i lò lẹ́jọ́. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, a ó sì máa tún un ṣe ní ọdún 14, 14.

EWU ÒDE ÒNÍ

Níhìn-ín ni a dé ibi tí ọ̀ràn yìí ti wọ inú ilé olúkúlùkù wa. Láyé pátákó, ẹni tí ó bá fẹ́ fi àmì ilé ìfowópamọ́ tan ènìyàn jẹ ní láti kọ́ ilé, kí ó kùn ún, kí ó sì gba akọ̀wé síbẹ̀. Lónìí, ọmọdékùnrin tí ó jókòó sínú yàrá lè mú àwòrán erin tàbí ẹṣin tàbí àmì mìíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ó fi í sórí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí tẹlifóònù ìyá rẹ tàbí baba rẹ. Ìyá náà kò ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún dáadáa. Àmì tí ó ti mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ni ó rí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àmì tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ni a fi ń dẹ ìdẹ̀kùn fún un báyìí. Èyí burú, nítorí àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àmì jù lọ ni ó ń jìyà jù lọ.

Àkókò tí ilé ìfowópamọ́ bá ń yí orúkọ tàbí àmì rẹ̀ padà gan-an ni ó yẹ kí a ṣọ́ra jù. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ń retí ìránṣẹ́ tuntun, ojú kò sì tí ì mọ àmì tuntun náà. Ẹni ibi yóò wí pé, "Nítorí pé a ti yí padà, fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ kí a lè tún ìwé rẹ ṣe." Nítorí náà ni a fi ń gbà yín ní ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Kò sí ilé ìfowópamọ́ òtítọ́ tí yóò bèèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì yín, tàbí nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí tẹlifóònù yín, ìbáà ṣe ohùn ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbáà fi àwòrán erin ọgọ́rùn-ún sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà BVN, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, kì í ṣe ohun tí a ń sọ fún ẹni tí a kò mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé tí ó ń kánjú yín, ẹ má ṣe dáhùn lórí ọ̀nà tí ó gbà wá. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín lọ sí ilé náà, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé orúkọ ilé kan ti yí padà, ẹ mú ìwé yín lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójúkojú, kí ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n kọ iye owó yín sílẹ̀ fún yín. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè.

Àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí ilé-ìwé ní iṣẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ tẹlifóònù lò ju bàbá yín lọ, ẹ má ṣe fi àìmọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ jókòó tì í ní alẹ́ kan, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ó wọlé fún un sókè, kí ẹ sì fi èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ àti èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tàn hàn án. Ẹ ṣàlàyé fún un pé àwòrán tí ó mọ̀ náà ṣì dára, ṣùgbọ́n pé ẹnikẹ́ni lè yà á nísinsìnyí. Òun ni ó san owó ilé-ìwé tí ẹ fi mọ̀wé kà. Ẹ fi ìwé náà ṣọ́ owó rẹ̀ fún un.

Ní ti àwọn oníṣòwò wa ní Arákàlẹ̀ àti ní gbogbo ìlú wa, tí wọ́n ń ronú láti kun pátákó tuntun, ìtàn ilé yìí kọ́ wọn ní ohun kan tí ó rọrùn. Ẹ lè yí lẹ́tà padà, ẹ lè yí ọ̀dà padà, ìjọba tàbí ìgbà sì lè fi ipá mú yín yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gun àkàsọ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí ó pẹ́ jù lọ́dọ̀ yín pé kí ni wọ́n fi ń mọ̀ yín. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe òṣùwọ̀n tí ó kún, ìbáà ṣe ìkíni òwúrọ̀, ẹ má ṣe fi ọ̀dà tuntun pa á rẹ́.